Orúkọ Ọkọ̀ Ogun Kan

Oyèbísí àbúrò mi,

Ara mi le, Adéṣẹ́gun ọmọ mi sì ń tọ́jú mi dáadáa nílé rẹ̀ ní Whitby. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ń lọ ti ń so èso.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ka ìtàn ọkọ̀ ogun ojú omi kan ní kíláàsì. Wọ́n kàn án ṣáájú ogun Hítílà. Nígbà ogun, ó ń sin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kọjá òkun, ó sì yọ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú omi. Nígbà tó gbó, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n ta irin rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ tuntun. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà rò pé ó le fún mi ni.

Ọjọ́ tó ṣáájú kíláàsì yẹn ni Michelle, ọmọ Adéṣẹ́gun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin, sọ fún mi pé, “Grandma, nítorí yín la ṣe máa sọ ọ́ ní Yétúndé o.” Bàbá rẹ̀ tó mọ̀ pé a kì í sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà ṣì wà láyé ń wo fóònù. Mo ní, “O ṣeun, ọmọ mi.”

Ní Sátidé, èmi àgbà ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ pe orúkọ náà. Mo pè é. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìrẹsì wọn dùn.

Bá mi kí gbogbo ará ilé. Bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ ọmọ náà, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé mo ṣì wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adélọ́lá