Kárià Orí Ìjàpá

Ọjọ́ Ajé, 5 Nòfẹ́ńbà 1990

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ti sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi ìdíje ní Alákìá, ti àwọn ọmọkùnrin agbábọ́ọ̀lù ni. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí mò ń dá lẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́, tí wọn yóò fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje? Ọ̀gá ní kí wọ́n gùn ún láti Ìyànà Ọ̀fà débẹ̀. Lójú títì tí tírélà ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé! Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n yọ orúkọ wọn.

Mo ní, "Ẹ má yọ ọ́, sà. Ìjàpá mi yóò gbé wọn."

Gbogbo ayé ló ń pe irú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì tí mo ní yìí ní ìjàpá. Tèmi pupa bí ata. Ẹnu mi ti sọ ọ́ ná — ibo ni kẹ̀kẹ́ méjì yóò jókòó sí nínú rẹ̀?

Ọjọ́rú, 7 Nòfẹ́ńbà

Orí rẹ̀ ni. Kárià! Mo sọ fún Wándé, ọkọ mi, nídìí oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí: "Ahun ń lọ sájò, wọ́n ní ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́." Mo bínú. Mo tún rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ sí Àràròmí, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù. Sàníù tó ń tajà gbé oríṣi méjì síwájú mi. Èkíní, irin yí i ká bí ibùsùn ọmọ ọwọ́, irú èyí tó ń wà lórí Péúgò tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. "Àǹtí, èyí ni kẹ́ ẹ mú. Ó ń gba apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ó ń gba ewúrẹ́." Mo ní ewúrẹ́ tèmi kì í gun kẹ̀kẹ́. A gbé e lé Ìjàpá lórí — fìlà bàbá lórí ọmọ.

Èkejì, ọ̀pá irin méjì péré, tó ní ìkọ́ tó ń di etí òrùlé ọkọ̀ mú. Ó fúyẹ́. Ènìyàn lè fi sípánà kan ṣoṣo tú u. Mo dì í mú, mo mì ín. Ọ̀pá kò mì. Ọkọ̀ ló ń mì! Mo rà á. Sàníù nàka sí ọ̀pá méjèèjì, ó ní, "Ọlọ́pàá méjì ló ń sìn yín lọ sílé yìí o."

Ọjọ́ Àìkú, 11 Nòfẹ́ńbà

Ìkọ́ irin ti fẹ́ bó Ìjàpá lára. Lẹ́yìn ìsìn, mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ àlòkù, mo fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Òṣùká! Ta ló ń ru irin láìní òṣùká?

Nimotallahi àti Tolúlàṣẹ, àwọn sárésáré mi méjèèjì, gbé kẹ̀kẹ́ wá. A dojú wọn dé, ìjókòó àti ọwọ́ lórí ọ̀pá, táyà sókè ọ̀run. A so wọ́n. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ kó sínú kòtò. Wọn ò yẹ̀! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn yí ọkọ̀ mi po lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn, mo sì ń gbéraga díẹ̀. Ta ni yóò mú mi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Nòfẹ́ńbà

Yéè. Èrò ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. "Ìwó Róòdù! Àwa méjì ni!" Mo ń ra búrẹ́dì, obìnrin kan ti gbé apẹ̀rẹ̀ ata lé kárià. Mo ní kì í ṣe kabúkabú. Ó ní, "Kí wá ni kárià ń ṣe lórí ẹ̀?"

Ọjọ́bọ̀, 15 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀rọ̀ ti dé Alákìá. Bíṣọ́ọ̀bù ti ibẹ̀ wá — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe ìyá Wándé bẹ́ẹ̀. Wọn ò jókòó. "Ìyàwó, wọ́n ní o ti ń gbérò. Ṣé wọn ò sanwó oṣù ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n wo kárià náà títí. "Kẹ̀kẹ́? Àwọn ọmọbìnrin?" Wọ́n tún bi mí. Lẹ́yìn náà: "Kí n má rí i níbi Ìkórè lọ́jọ́ Àìkú."

Wándé ń wolẹ̀. Ó ní kí n ṣáà tú u lẹ́yìn ìdíje, kò kúkú le. Òótọ́ ni, kò le láti tú. Ṣùgbọ́n bí mo bá tú u, mo ti gbà pé ohun ìtìjú la ṣe nìyẹn. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Nòfẹ́ńbà

Òjò. Mo tún òṣùká ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Nòfẹ́ńbà

NIMOTALLAHI GBA IPÒ KÌÍNÍ! Tolúlàṣẹ ṣe ẹ̀kẹta! Kẹ̀kẹ́ kò há, okùn kò já. Ní gbogbo ìkóríta ni wọ́n ń juwọ́ sí wa. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tí wọ́n nà bí ẹni na bàrà. Wándé ní, "Ahun lọ, ó dé, kò tẹ́."

Ohun kan. Níbi kọ́nà tó sún mọ́ ilé Bíṣọ́ọ̀bù, mo rí wọn láàárín èrò. Bí Nimota ti kọjá, ẹnìkan kígbe: "Má wẹ̀yìn! Tẹ̀ ẹ́!" Ó jọ ohùn wọn. Etí mi ló ń tàn mí jẹ.

Ọ̀la ni màá tú u.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Nòfẹ́ńbà

Mo ti mú sípánà lọ́wọ́ nígbà tí táksí já Bíṣọ́ọ̀bù sẹ́nu ọ̀nà, àwọn àti iṣu Ìkórè wọn.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tú u, mà, bí ẹ ṣe wí."

Wọ́n gba sípánà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn jẹ́ agbẹ̀bí ní míṣọ̀n, kẹ̀kẹ́ ni àwọn ń gùn kiri abà ẹ̀yìn Lálúpọn, lọ gbẹ̀bí. Nígbà tí àwọn délé ọkọ, àwọn ará ilé ní ìyàwó tó ń ya ẹsẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ìyàwó. "Mo sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé e kọ́ àjà, ó sì dípẹtà síbẹ̀. Èmi sọ̀ kalẹ̀, Ọmọ́wùnmí. Ìwọ, má sọ̀ kalẹ̀ o."

Wándé dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ ìyá tó bí i. Èmi ń sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n ní kí a má fi omijé ṣòfò, kí a di iṣu mọ́ kárià. Iwájú ni wọ́n jókòó. Kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Lálúpọn, ọkùnrin kan nawọ́ sí wa pé ṣé ààyè wà. Bíṣọ́ọ̀bù yọ gèlè jáde lójú fèrèsé:

"Kì í ṣe kabúkabú! Ọkọ̀ àwa oníkẹ̀kẹ́ ni!"