Nọ́ńbà Ẹ̀gbẹ́ Ilẹ̀kùn

Sí ọmọ mi Tiyamike ní Bulantaya,

Èmi bàbá rẹ, Bambo Felesiano Namalomba, alága ìgbìmọ̀ kànga, igbákejì olórí abúlé, ẹni tí wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìpàdé bí kò bá tíì jókòó, ni mo ń kọ̀wé sí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi kò ní gbàgbé rẹ láàárín ilé gíga. Àwa náà ń bẹ, à ń jẹ ọkà nsima lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, a ò sì tíì kú.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé látìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú ló ti ń fi ìdí wọ́ lọ sí ṣáláńgá, bí òjò bá sì rọ̀, inú ẹrẹ̀ náà ni. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé yunifásítì, káńsù àti ẹgbẹ́ aláàánú kan fẹ́ra wọn. Olórí abúlé ló kéde rẹ̀ pé wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé láti máa ṣiṣẹ́ pọ̀: yunifásítì á kà wá, káńsù á lu òǹtẹ̀, àwọn aláàánú á gbé kẹ̀kẹ́ arọ wá. Mo dìde, mo béèrè pé ìgbéyàwó ẹlẹ́ni mẹ́ta yìí, ta ni alárinà rẹ̀, ọ̀dọ̀ ta la ó gbé ẹjọ́ lọ bí wọ́n bá jà? Kapalepale aládùúgbò wa ní kí n jókòó jàre, pé ẹni tí ń gba ọ̀fẹ́ kì í béèrè alárinà.

Ọmọ yunifásítì tó wọ ilé wa, Ulemu lorúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Ó ní kó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú fóònù ńlá kan, ó ní ó ti dé yunifásítì. Mo ní bí àtàǹpàkò bá lè débẹ̀ láìwọkọ̀, ẹ kúkú fa gbogbo ara rẹ̀ gba ibẹ̀ kí dókítà wò ó. Ó ní rárá o, bàbá. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó yí òbìrí sí i, ó ní òun ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ á wò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní àlejò ń bọ̀ lọ́la. O mọ ìyá rẹ, àlejò kì í bá ògiri tó sán nílé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bu amọ̀ wá, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí apá rẹ̀ mọ. Ibẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà wà. Nígbà tó rí ohun tó ṣe, ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bo ojú.

Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, nọ́ńbà ti padà sára ògiri, funfun báláú! Mo ní àtàǹpàkò ìyá rẹ ló sọ fún wọn ní yunifásítì, wọ́n sì tètè wá tún un kọ. Mo yìn wọ́n títí.

Ọkọ̀ dé. Ọ̀gá káńsù wo ògiri, ó wòwé, ó ní 41 ni nọ́ńbà yín, 14 lẹ kọ síbí, Kapalepale ló ni 14, ìyá rẹ̀ sì ti gba kẹ̀kẹ́. Àbí ẹ fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíràn jalè ni? Ìyá rẹ ní ọmọ mi, wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní ìyá, ẹsẹ̀ kọ́ ni mo wá wò, nọ́ńbà ni. Kapalepale bi mí pé ṣé alárinà tí mò ń wá ló bá mi kọ ọ́. Wọ́n fa igi pupa sórí orúkọ ìyá rẹ. Kẹ̀kẹ́ kan ṣẹ́ kù, wọ́n gbé e padà.

Káńsù ní yunifásítì ló ni nọ́ńbà. Ẹ̀ṣọ́ yunifásítì ní àwọn ọmọ náà ti ṣèdánwò, wọ́n ti lọ ìsinmi, kí n padà sí káńsù. Àwọn aláàánú ní ó wu àwọn láti fún un, àmọ́ ìwé tí àwọn tọwọ́ bọ̀ kò gbà. Ìyá rẹ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ògiri yẹn ló ń wò láàárọ̀ dalẹ́.

Lópin gbogbo rẹ̀, ọ̀gá káńsù ní bí mo bá lè fi ibojì bàbá mi búra lọ́jọ́rú pé Ulemu ló kọ 14, wọ́n á dá orúkọ ìyá rẹ padà, wọ́n á sì kọ̀wé kí yunifásítì lé ọmọ náà. Mo ti gbà. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ àti owó ọṣẹ, kí n lè fọ ẹ̀wù lọ. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì ká lẹ́tà yìí. Bàbá kọ́ ló kọ ọ́. Bàbá kì í ṣe igbákejì ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń jókòó sí nípàdé. Èmi Falesi ni. Ẹ mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ bíi Bàbá. Mo lè kọ̀wé bí Ulemu náà, tòun ti òbìrí. Lóru ọjọ́ tí Ìyá rẹ́ ògiri, mo rò pé mo rántí nọ́ńbà yẹn ni. Nígbà tí Bàbá ń yin yunifásítì, mo fi aṣọ dí ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú.

Bí mo bá jẹ́wọ́, Ìyá ò ní rí kẹ̀kẹ́. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á lé ọmọ ọlọ́mọ, Bàbá á sì ti fi ibojì búra èké láìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Wọ́n ní ta ni mo tún ń sín jẹ.

Falesi, àbúrò yín.