Bàálù Onígi Tó Kó Bàbá Mi sí Wàhálà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú ìfaradà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ilẹ̀ Faransé níbí. Mo kí Ìyá mi, mo kí àwọn àgbà agboolé wa. Ará ilé wa kan, tí mi ò ní dárúkọ, ló kọjá ẹnubodè Ìgòlò lọ sí Ìdìrókò, tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀. Lẹ́tà yẹn ni mo fi gbọ́ pé wọ́n mú yín, pé ọjọ́ méjì gbáko lẹ fi jókòó ní ilé kọmité ìjọba nítorí fọ́tò mi nínú bàálù. Gbangba ni wọ́n ti dójú tì yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó kà á. Kí àwọn kamarádì kọmité náà bá wa kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí bàálù náà jẹ́. Bàbá Faransé kan ládùúgbò mi ló rà á, agbára rẹ̀ kò sì gbé e láti kàn án mọ́. Inú àpótí ló wà ní wẹ́wẹ́: igi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ tí wọ́n fi ń bo apá, ìṣó kéékèèké, gọ́ọ̀mù, àti ìwé tó sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ó mọ̀ pé káfíńtà ni mí, ló bá ní kí n máa wá bá òun kàn án nínú gáráàjì òun. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà. Kò tíì ní ẹ́ńjìnnì, kò tíì ní táyà. Kò lè gbé ewúrẹ́ kan sọdá odò, ká má tíì wá sọ sójà.

Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn rẹ̀. Níbi iṣẹ́, ilẹ̀kùn kan náà ni mò ń kàn láti àárọ̀ dalẹ́. Òtútù ibí ń wọ egungun, odidi ọ̀sẹ̀ sì lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé, tí mo bá ti wọ gáráàjì yẹn, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán igi apá rẹ̀, ara mi á balẹ̀. Gọ́ọ̀mù kì í kánjú. Ẹ ó fi í sí i, ẹ ó di igi mú, ẹ ó jókòó tì í títí yóò fi gbẹ. Nínú ìjókòó yẹn ni mo ti máa ń gbàgbé pé àjèjì ni mí. Bàbá Faransé á gbé kọfí wá, a ó sì jọ mu ún.

Lọ́jọ́ tí apá méjèèjì dúró, ó ní kí n jókòó sínú rẹ̀, ó ya fọ́tò mi. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà kí n tó fi ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ bá mi ṣán koríko pápá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni n ó balẹ̀ sí. Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe. Mo gbàgbé pé bàálù ti já àwọn ajagun àjèjì tó fẹ́ gba ìjọba sí Kútọnu láàárọ̀ ọjọ́ kan, pé láti ìgbà náà ọ̀rọ̀ bàálù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nílé mọ́. Mo sì gbàgbé ìwà yín: gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ lẹ ó ní kó bá yín ka ohun tí ọmọ yín kọ.

Mo gbọ́ pé wọn ò fọwọ́ kàn yín. Wọ́n ní kí ẹ ṣáà sọ pé irọ́ ni, pé ọmọ yín kò ní í wá, kí ẹ sì máa lọ sílé. Ẹ kọ̀. Ẹ ní bàbá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ òun kò ní í wálé, torí ohun tí bàbá bá sọ sí ọmọ lè ṣẹ. Ẹ jókòó títí ó fi sú wọn. Wọ́n gba fọ́tò náà, wọ́n ní kí ẹ máa lọ. Nígbà tí ẹ délé, àdá lẹ mú, ẹ lọ ṣán koríko pápá bọ́ọ̀lù.

Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fún mi ní kọ̀njé, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tó tó mi í fi wálé, tí mo kọ̀wé sí yín pé iṣẹ́ kò jẹ́. Irọ́ ni mo pa. Apá ọ̀tún bàálù ni mo fi kọ̀njé àkọ́kọ́ kàn, mo fi ìkejì kan apá òsì. Mo ní ilé kò ní í sá lọ. Nísinsìnyí tí ọkàn mi fà sílé, ẹni tó kọ lẹ́tà sí mi ní kí n má wá, pé orúkọ mi ti dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣọ́ Ìgòlò. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, ẹ̀fẹ̀ lásán ni mo fi tì í.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ara Ìyá mi le, kí ọ̀pẹ yín so. Ẹ bá mi kí tẹbí tará, àtọmọdé àtàgbà.

Bí wọ́n bá tún wá pè yín, Bàbá, ẹ má lọ jókòó tì wọ́n mọ́. Ẹ fi lẹ́tà yìí hàn wọ́n. N kò bọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àkànní