Ẹ Pè Mí Wá Wo Òkun

Aké, Abẹ́òkúta,
9 Oṣù Keje, 1948

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Ikọ́ Péjú ọmọ mi ti lọ, ṣùgbọ́n òrùlé wa ṣì ń jò.

Lẹ́tà yín dé. Theophilus, àbúrò olóògbé ọkọ mi, ló ń ka gbogbo lẹ́tà sókè fún ilé, títí kan tèmi. Ó ka ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó ìjọ kọ́ sí Àgbádárìgì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, àti ti etí òkun tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ láyé àtijọ́, tí àwọn àlejò ń wá wò báyìí. Baálé agbo ilé yìí mi orí, ó ní, “Ìlú yẹn mà tó lọ wò o!”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí Theophilus ṣú mi lópó. Mo kọ̀ jálẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ́ kí n dá lọ sí odò pàápàá. Aláṣọ kan tó ń gba Èkó bọ̀ ní Àgbádárìgì lọ́dọ̀ yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òmíràn tó ṣeé kà sókè. Ẹ bẹ Baálé kí n wá wo ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ròyìn òkun náà dáadáa. Kí ẹ sì dárúkọ Péjú, torí ọmọ tí ẹ kò bá pè, wọn ò ní jẹ́ kó tẹ̀ lé mi.

Olúwa á dá yín sí fún mi. Ìró méjì péré ni n ó dì, kí wọ́n lè rò pé mò ń padà bọ̀.

Àbúrò yín,
Títílọlá