Káàdì Aláìnígbèdéke Tó Já Wa Kulẹ̀ ní Ìbafọ̀

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Arówólò,
Mowé,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Àwọn Oníbàárà Ilé-Iṣẹ́ Ìṣúná,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN NÍPA ILÉ-IṢẸ́ KÁÀDÌ ÌRỌ̀RÙNDÉ, TÓ Ń POLÓWÓ KÁÀDÌ ÀWÌN TÍ KÒ NÍ GBÈDÉKE, TÓ SÌ DÍN AGBÁRA KÁÀDÌ MI KÙ LÁÌSỌ FÚN MI

1. Èmi ni Nùsírátù Adépọ̀jù. Mo ń ta wáyà, súkẹ́ẹ̀tì, gílóòbù àti àwọn ohun èlò iná mìíràn ní Mowé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni èmi àti ọkọ mi, olóògbé Sàhéèdì Adépọ̀jù, ti wá síbí nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní àdúgbò wa. Ọ̀wọ̀ ni mo fi kọ̀wé yìí sí ìgbìmọ̀ yín. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, nítorí ìríra wọn ti kún inú mi dé ọ̀nà ọ̀fun.

2. Ìyáàfin Ọmọ́títí, tó jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní agbègbè wa, ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá Hikmah, ẹ fi káàdì yìí ra ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́. Kò ní gbèdéke. Ohun kan ṣoṣo tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹ san gbogbo rẹ̀ tán nígbà tí oṣù bá parí." Káàdì náà kò dà bí èyí tí a fi ń gba owó ara wa ní báǹkì. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń kọ́kọ́ sanwó fún ẹni tí mo bá rajà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi yóò sì dá gbogbo rẹ̀ padà lóṣù náà. Bí wọ́n bá ń fún ènìyàn ní àwìn níbòmíràn, wọn a máa sọ fún un pé ibi báyìí ni kó ti dúró. Ìyáàfin Ọmọ́títí ní tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí owó tí a ń san lọ́dọọdún lórí rẹ̀ fi pọ̀ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo gbà á gbọ́. Mo san owó náà.

3. N kò jẹ wọ́n ní gbèsè rí kọjá ọjọ́ tó yẹ. Káàdì náà ni mo fi ń kó ọjà láti Èkó. Ìgbà kan wà tí mo fi kó odidi ọkọ̀ wáyà kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, owó rẹ̀ sì ju èyí tó dá wàhálà yìí sílẹ̀ lọ dáadáa. Kò kọ̀. Kò sí ẹni tó pè mí láti béèrè ohunkóhun.

4. Lẹ́yìn ọdún Iléyá èṣí ni Ọlọ́run gba ẹ̀mí ọkọ mi. Mo san ohun tí mo jẹ ilé-iṣẹ́ náà tán kí a tó ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, nítorí pé ọkọ mi kì í fẹ́ kí gbèsè sùn mọ́ wa nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé opó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ rẹ̀ bá kú yóò jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. N kò lọ kó ọjà. Ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà ń ta èyí tó wà nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò fọwọ́ kan káàdì náà, nítorí kò sí ohun tí mo fẹ́ rà. Ẹni tí mo máa ń ra nǹkan fún nínú ilé ti lọ.

5. Hikmah nìkan ni ọmọ tí a bí. Òun àti ọkọ rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀, ń gbé ní Ifọ̀. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ti pé oṣù méje nígbà tí mo jáde opó, ó sì wá ń gbé lọ́dọ̀ mi kó má baà jẹ́ pé èmi nìkan ni yóò máa wo ògiri. Bí ọjọ́ ìbímọ ti ń sún mọ́lé, mo pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà. Mo sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí n lo káàdì náà ní ilé ìwòsàn, pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá kò ní yọ wá lẹ́nu. Ẹni tó gbé e dáhùn pé, "Kò sí ìṣòro, Màmá. Káàdì yín kò ní gbèdéke." Nítorí ìdáhùn yẹn, mo fi gbogbo owó tó wà ní báǹkì kó ọjà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti gbẹ, mo sì fi káàdì sílẹ̀ fún ìbímọ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ká ní wọ́n sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ náà ni, owó ì bá wà lọ́wọ́ mi, ọjà ì bá sì dúró de ọjọ́ mìíràn.

6. Ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Hikmah, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbafọ̀, níbi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì jáde sí mi. Ó ní ibi ọmọ ti ń ya kúrò lára ilé-ọmọ, pé àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ san owó àsansílẹ̀. Mo lọ, mo sì na káàdì sí akọ̀wé owó. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tún un ṣe, ó tún kọ̀. Ó da káàdì náà padà fún mi láti ojú fèrèsé láìwo ojú mi, bí ìgbà tí ènìyàn ń da owó ayédèrú padà.

7. Mo pè wọ́n láti ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní Muqtadir ló dáhùn. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ bó ṣe rí, nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹ̀sùn mi wà.

Ó ní, "Màmá, mo ti rí i. Káàdì yín kò ní gbèdéke."

Mo ní, "Kí ló dé tí kò sanwó?"

Ó ní, "Agbára ìnáwó yín ló ti wálẹ̀."

Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ agbára ìnáwó àti gbèdéke. Ó ní gbèdéke jẹ́ iye kan tí wọ́n ti fi lélẹ̀ fún ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ agbára ìnáwó kì í dúró lójú kan, pé ẹ̀rọ ló ń wò ó lójoojúmọ́: iye tí ènìyàn ń ná, bó ṣe ń san án padà, àti irú ibi tó ń ná an sí. Mo ní, "Mo ń san tèmi padà. Kí ni ẹ̀rọ rí lára mi?"

Ó ní, "Ẹ ò ná nǹkan kan láti bí oṣù mélòó kan, Màmá. Ẹ̀rọ á rò pé nǹkan ò lọ déédéé fún yín mọ́. Ilé ìwòsàn sì nìyí, ẹ ò náwó síbẹ̀ rí."

Mo ní, "Ọkọ mi ló kú. Opó ni mo wà."

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ènìyàn tó lè mọ̀ ọ́n. Ó ní kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tó láṣẹ láti yí ohun tí ẹ̀rọ bá sọ padà, pé kí n fi ìbéèrè ránṣẹ́, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan. Ọmọ mi ń kérora lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo fara tì. Bí mo ti gbé fóònù kúrò létí, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní kí n yan ìràwọ̀ kan sí márùn-ún láti fi hàn bí inú mi ti dùn tó sí iṣẹ́ wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi.

8. Obìnrin kan wà lórí àga níbẹ̀, Sọ̀fíyátù lorúkọ rẹ̀, láti Ọ̀fàdà. Ó wá mú ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún lọ sílé. A kò mọ ara wa rí. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ. Ó dìde, ó bi akọ̀wé owó léèrè iye tó kéré jù tí wọ́n lè gbà kí wọ́n tó gbé ọmọ náà wọlé, ó sì fi fóònù rẹ̀ san án. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé ná. A óò sọ ìyókù." Kò béèrè ohun tí mo ná lóṣù tó kọjá. Orúkọ ọmọ mi nìkan ló béèrè, kó lè máa fi ṣàdúà. Bùrẹ́ímọ̀ dé láti Ifọ̀ pẹ̀lú owó tó yá lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a sì san ti Sọ̀fíyátù padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀sùn ilé ìwòsàn náà wà lọ́tọ̀. Mo ti kọ̀wé tiwọn sí ibi tó yẹ.

9. Ọmọ náà yè. Obìnrin ni, a sì sọ ọ́ ní Salmah. Hikmah náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n ní láti gé ilé-ọmọ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Kò ní bímọ mọ́. Dókítà kò sọ pé ìdádúró wa níwájú fèrèsé akọ̀wé ló fà á, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ti lọ púpọ̀ kí a tó gbé e dé orí tábìlì. Hikmah kò tíì béèrè lọ́wọ́ mi bí a ṣe pẹ́ tó lóde. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rù ìbéèrè náà.

10. Nígbà tí mo kọ̀wé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, Ìyáàfin Ọmọ́títí wá sílé wa. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ èso tí wọ́n fi ọ̀rá dídán wé lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kí mi kú ewu ọmọ, ó ṣàánú mi. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Ó ní bí mo bá fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ náà ti parí láàárín wa, wọn yóò dá agbára káàdì mi padà, kódà wọn yóò fi kún un. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ̀, lọ́jọ́ tó tà á fún mi, pé ẹ̀rọ kan wà tó lè fa agbára rẹ̀ wálẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá Hikmah, a mọ̀. Bí a bá ń ṣàlàyé ìyẹn fún ènìyàn, kò sẹ́ni tó máa gbà á." Mo ní kó gbé èso rẹ̀. Mo ti rí ẹran tó kẹ̀ rí, mo ti rí omi gọ́tà tó wọ yàrá lásìkò òjò ní Mowé, kò sí èyí tó rí mi lára tó apẹ̀rẹ̀ yẹn.

11. Títí di òní, pátákó ìpolówó wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ní Mowé. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí gbèdéke. Mo ti dá káàdì náà padà fún wọn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń béèrè owó ọdọọdún rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

12. N kò bẹ̀ yín kí ẹ gba owó gbà-má-bínú fún mi. Kò sí iye tí wọ́n lè san. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí ẹ pàṣẹ fún wọn láti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu àti lórí pátákó, kí wọ́n sọ ọ́ kedere fún oníbàárà pé ibi ìdúró wà, pé ó ń lọ sókè, ó sì ń wálẹ̀. Bó bá wálẹ̀, kí wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe níwájú akọ̀wé owó. Bí ènìyàn bá pè wọ́n ṣáájú ìnáwó ńlá, tí wọ́n sì sọ pé kò sí ìṣòro, kí ọ̀rọ̀ wọn dúró. Paríparí rẹ̀, kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan wà níbẹ̀ tó láṣẹ láti gbọ́ pé ọkọ ẹnìkan kú.

13. Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kò lè fún gbogbo ènìyàn ní àwìn tí kò lópin. Oníṣòwò ni èmi náà. Mo ń tajà láwìn, mo sì mọ ẹni tí mo lè fún àti ibi tí mo lè fún un dé. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ fún un lójú. N kì í jẹ́ kó gbé wáyà délé, kó ti fọ́ ògiri, kí n tó ránṣẹ́ pé mo ti yí ọkàn mi padà.

14. Bí ìgbìmọ̀ yín bá pe ẹjọ́ yìí, èmi yóò wá. Sọ̀fíyátù ti gbà láti wá jẹ́rìí. Mo ti rò pé n kò ní dá ọmọ mi lágara, pé èmi ni yóò sọ tirẹ̀ mọ́ tèmi. Mo ka ìwé yìí sí i létí ní òwúrọ̀ yìí, títí dé ìpínrọ̀ kẹsàn-án. Ó gbọ́ ọ, ó fi Salmah sí èjìká kejì, kò sunkún. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun náà yóò wá sí Abẹ́òkúta, òun yóò sì sọ ti òun fúnra òun.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí. À ń retí ọjọ́ tí ẹ óò dá fún wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Nùsírátù Adépọ̀jù (Ìyáàfin),
Oníṣòwò ohun èlò iná, Mowé.