Ìlà Ara Ilẹ̀kùn Bàbá Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 May 1994

Àbúrò mi Fọláwẹ̀mí fóònù láti ilé oníkẹ́mísì. Bàbá ò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Ó ní wọ́n ń béèrè mi. Kí ni kí n sọ? Páásípọ́ọ̀tù mi wà ní Home Office, ọ́fíìsì ìjọba Òyìnbó tó ń rí sí ìwé ìgbélùú, láti oṣù kẹjọ èṣí. Ẹsẹ̀ wà, ọ̀nà ni ò sí.

Níbi iṣẹ́, ní Hulme, ìlú Òyìnbó níbí — wọ́n tún ń wó ilé, eruku bo gbogbo fèrèsé. Abẹ́rẹ́ Iná (orúkọ tí mo sọ ẹ̀rọ laser wa nìyẹn) ya ìlà igi oak sára ogójì férémù fọ́tò. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni, kò ní ìlà kankan lára. Àwa la ń fi iná yà á sí i, kí ó lè jọ igi gidi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá, káfíńtà àádọ́ta ọdún, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ wá ń kọ ilà fún pákó, kó lè sọ pé ìdílé igi lòun náà ti wá?"

Ọjọ́bọ̀, 5 May

Mo ti rí ohun tí mo máa ṣe. Ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà ilé wa — ìrókò, Bàbá fúnra wọn ló kàn án lọ́dún tí wọ́n bí mi. Màá ya ìlà ara rẹ̀ sórí pákó. Adéoyè, ọmọ ìlú wa tó ń kàwé níbí, ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń padà sílé ní 11 June, òun ni yóò gbé e lọ. Kí Bàbá fọwọ́ pa á lórí ibùsùn, kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ọmọ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀fẹ̀. Kí ó ṣáà bá wọn láyé.

Mo fóònù. Mo ní kí Fọláwẹ̀mí tẹ́ bébà ńlá sára ilẹ̀kùn, kó fi èédú pa á jẹ́jẹ́, ìlà yóò hàn. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé orí yín pé?" Ṣùgbọ́n ó gbà. Yóò fi rán Wùmí ará ìlú wa tó ń bọ̀ níbí.

Ọjọ́ Àìkú, 15 May

Fóònù ò wọlé. Ọjọ́ kẹta rèé.

Ọjọ́rú, 18 May

Ó wọlé! Fọláwẹ̀mí ní, "Àìsàn yẹn ti fi Bàbá sílẹ̀, Bọ̀dá mi. Wọ́n ń sinmi." Mo hó yèè nínú àpótí fóònù ní Princess Road, obìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ń wò mí bí wèrè. Mo ní kí wọ́n gbé Bàbá wá sórí fóònù. Ó ní agbára wọn ò gbé e. Ohùn rẹ̀ há. Ó ní ọ̀fìnkìn ni.

Ọlọ́run, o ṣé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 May

Wùmí dé. Mo tẹ́ bébà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ilẹ̀kùn wa! Kókó igi tí mo máa ń fi ìka yí po nígbà tí mo wà ní kékeré, ó wà níbẹ̀.

Àléébù kan ló wà. Láàárín, ibì kan wà tó ní igun mẹ́rin, tí ìlà ò hàn níbẹ̀ rárá, àfi etí rẹ̀ tó dúdú. Ọ̀lẹ ni Fọláwẹ̀mí. Bóyá bébà méjì ló tẹ́ léra. Mo fẹ́ bi Wùmí, ṣùgbọ́n kò dúró mu tíì pàápàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 May

Ọ̀gá mi Anthony — Baba Tíì, nítorí kọ́ọ̀bù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ — gbà kí n lo ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́. Mo fi scanner gba bébà náà díẹ̀díẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ibi tó ṣófo, mo fa ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀, mo so wọ́n pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì gbáko.

Pákó àkọ́kọ́ jóná. Èkejì dúdú jù, ìrókò wa ò rí bẹ́ẹ̀. Mo dín iná kù, mo fi kún eré rẹ̀. Ẹ̀kẹta — òun gan-an ni. Kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí mo ti dí i. Inú mi dùn débi pé mo ń súfèé lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 2 June

Ìyá Monica gbé ọbẹ̀ wá. Ará ìlú wa ni, wọ́n ń tọ́jú wọ́ọ̀dù ní ọsibítù Crumpsall, ìyá ni wọ́n jẹ́ fún gbogbo wa níbí. Mo fi pákó hàn wọ́n, wọ́n yìn ín. Mo tẹ́ bébà èédú náà fún wọn. Wọ́n fi ìka tẹ̀lé etí ibi tó ṣófo.

"Kí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ibí?"

Kí n tó dáhùn, "Never mind, jàre. Ṣé o ti jẹun today?" Wọ́n gbàgbé agboòrùn wọn, òjò sì ń rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 June

Kí là ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé lọ́dọ̀ wa? Mi ò fẹ́ dáhùn. Mi ò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 June

Aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìyá Monica, Pa Oyèníran tó jẹ́ àgbà ẹgbẹ́ ìlú wa, àti Adéoyè lẹ́yìn wọn, kò lè wò mí lójú. Pa Oyèníran ní, "Akíndèjì, jókòó."

Mi ò jókòó. Mo lọ gbé bébà wá. Mo ní, "Ṣé ibí yìí ni wọ́n lẹ ìwé ìkéde òkú Bàbá mi mọ́, sà?"

Ìyá Monica bú sẹ́kún. Pa Oyèníran ní bẹ́ẹ̀ ni. Twelfth of May ni Bàbá kú, wọ́n ti sin wọ́n. "Àwa la ní kí àbúrò ẹ má sọ ọ́ lórí phone. A ò fẹ́ kó bá ọ ní ìwọ nìkan."

Àìsàn ti fi Bàbá sílẹ̀. Fọláwẹ̀mí ò purọ́. Èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 6 June

Adéoyè bi mí bóyá kóun ṣì gbé pákó lọ. Mo ní rárá, ẹni tó ni ín ò sí ńbẹ̀ mọ́.

Gbogbo ìlú ló ka ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn. Àlejò kà á, ọmọ ilé ìwé kà á. Èmi àkọ́bí, èmi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, mo fi iná ya ìlà igi bò ó mọ́lẹ̀, mo sì ń súfèé.