Ọkùnrin Tó Kan Ilẹ̀kùn ní Ìparí Ìwé

Ìjẹ̀bú-Òde.

Moṣọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé Èkó ò le mọ́ ọ? Ọlọ́run tó mú èmi Walter kúrò nídìí ayùn, tó gbé mi jókòó sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo fi òógùn ara mi kọ́, kò ní jẹ́ kí o kéré láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Eékún tó ń dun màmá rẹ ti rọ̀, ó ní kí n kí ọ.

Àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ tó o fi sílẹ̀ nínú àpótí, mo ti ń kà wọ́n. Má rẹ́rìn-ín o. Pírámárì kẹta ni mo dé tí bàbá mi fi fà mí lọ sóko, ṣùgbọ́n bí mo bá ń ka Yorùbá, olùkọ́ tó bá gbọ́ á ṣí fìlà fún mi. Gbàdàmọ́sí ọ̀rẹ́ mi, tí ojú ẹ̀ kò ríwèé kà mọ́, máa ń wá jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ wa nírọ̀lẹ́, èmi á máa kà á sókè, òun á máa gbọ́.

Ti akọ̀wé tó kówó ilé-iṣẹ́ jẹ la kọ́kọ́ kà. Ojú ewé kejì ni mo ti mọ̀ pé wọ́n máa mú un, ó ń rẹ́rìn-ín jù. Òmíràn wà tí òǹkọ̀wé fi ojú ewé mẹ́ta gbáko ṣàpèjúwe igi ìrókò. Fún èmi tí mo ta pákó títí irun mi fi funfun! Mo fò ó.

Ìwé kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọkùnrin kan fi ìyàwó sílẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sídàálẹ̀, kò padà. Obìnrin retí títí ó fi sú u, ó fẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n bímọ. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọkọ àkọ́kọ́ ni! Ìwé sì parí síbẹ̀. Mo rò pé eku ló jẹ ìyókù, mo lọ sílé ìtàwé pé kí wọ́n fún mi ní èyí tó pé, wọ́n mú òmíràn wá, ẹnu ọ̀nà náà ló dúró sí. Mo bi wọ́n pé bí èmi bá ta pákó tí kò pé fún wọn, ṣé wọn ò ní dá a padà ni?

Bí ìwé ò ti dájọ́, èmi dá a. Mo ní onílé ti dé, kí ọkọ kejì káṣọ ẹ̀ kó máa lọ. O mọ bí ohùn mi ṣe máa ń ròkè. Gbàdàmọ́sí dìde, ó gbọn aṣọ ẹ̀, ó lọ. Kò wá mọ́. Ìkókoré tí Ràmọ́tà ìyàwó ẹ̀ máa ń gbé wá fún wa ní gbogbo Jímọ̀, kò dé mọ́. Mo ní kí ló dé, nítorí ìwé? Ni màmá rẹ bá bi mí pé ṣé orí mi pé, ṣé mo ti gbàgbé pé Ràmọ́tà ti ní ọkọ rí, tó lọ sí Àbíjàn tí a ò gbúròó ẹ̀ dòní, kí Gbàdàmọ́sí tó fẹ́ ẹ? Ha! Ta ló ń rántí ìyẹn? Àwọn méjèèjì ti pẹ́ pọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ wáyé ni.

O mọ̀ mí, èmi kì í bẹ̀bẹ̀. Mo tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí ohun tí mo fò: ọkùnrin yẹn ò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ rí, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ rí. Mo gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó pààlà èmi àti Gbàdàmọ́sí, mo ka ibẹ̀ sókè, mo pariwo pé kóòtù ti tún jókòó, adájọ́ ti yí ìdájọ́ padà, ọkọ kejì ló nilé. Ni mo bá gbọ́ ohùn Gbàdàmọ́sí láti ọ̀hún pé ta ló fi onípákó jẹ adájọ́. Màmá rẹ ní kí àwa méjèèjì gbẹ́nu dákẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti bi obìnrin náà léèrè? Ló bá ké sí Ràmọ́tà pé, Ìyá Haneef, bó bá ṣe ìwọ ńkọ́? Ràmọ́tà ní òun ò ní ṣílẹ̀kùn rárá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lòun á ti sọ fún un pé ìkókoré ti tán, kó padà lọ jẹun níbi tó ti ń bọ̀.

Ẹ̀rín tí Gbàdàmọ́sí rín, díẹ̀ ló kù kí ògiri wó. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, abọ́ ìkókoré dé, ẹja inú ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ń wá rèé. Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè òǹkọ̀wé náà, o ní fóònù rẹ sọ pé ó ti kú. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n ṣé kò lẹ́bí ni? Bí ènìyàn bá kú, olórí ẹbí ló ń dáhùn fún un. Ẹ̀yìn ìwé ní ọmọ Ìbefún ni. A fẹ́ lọ bá wọn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Ràmọ́tà parí ìwé náà. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ọkọ̀ tí kò ní gbé ẹlòmíràn mọ́ wa, nítorí onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í gun ọ̀kadà lọ sílé òǹkọ̀wé. Ẹni mẹ́rin ni wá: Gbàdàmọ́sí ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi, màmá rẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu àwa méjèèjì, Ràmọ́tà ló sì lọ̀rọ̀. Má fi owó náà gba inú fóònù o, tèmi kéré, kò lè gbà á.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ẹni tí o bá ń retí á dé kí oúnjẹ tó tán, ilẹ̀kùn tí o bá sì kàn, ẹni tó fẹ́ràn rẹ ni yóò ṣí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Walter onípákó.